Màmá mi ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú. Báwo la ṣe lè fi fóònù tà á?

Ọmọ Aláró Ìtòkú

Ẹ̀yin àgbà ọjà, ẹ kú iṣẹ́ o, ajé á wọ igbá. Màmá mi ti ń rẹ aṣọ kí wọ́n tó bí mi. Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta níbí, ni ìsọ̀ wa wà. Àdìrẹ oníko, tí wọ́n ń fi iko so, àti àdìrẹ ẹlẹ́kọ, tí wọ́n ń fi ẹ̀kọ ya ọnà sí, ni wọ́n ń ṣe, ọ̀pá márùn-ún márùn-ún. Tẹ́lẹ̀, àwọn tó ń rà á lọ tà máa ń wá láti Èkó àti Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ wọn ti dín kù lọ́dọ̀ wa. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni mo ṣí ojú ìwé fún màmá lórí Facebook àti Instagram. Ojoojúmọ́ ni mò ń gbé àwòrán aṣọ síbẹ̀. Èèyàn 212 ló ń tẹ̀lé wa. Aṣọ mẹ́ta péré la tíì tà, àbúrò màmá mi ló sì ra méjì nínú rẹ̀. Lóṣù tó kọjá mo san ₦15,000 fún Facebook kí wọ́n bá wa polówó. Like wá rẹpẹtẹ, ẹnì kan kò béèrè iye.

Ọmọkùnrin kan wá ní òun á máa bá wa bójú tó o, ₦60,000 lóṣù. Màmá ní kí n san án. Ẹ̀rù ń bà mí, torí èrè aṣọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, níbo la ti ń bẹ̀rẹ̀?

Olófì Ìsẹ́yìn

Ọmọ mi, àrẹdú o fún màmá. Àwa tó ń ta òfì náà ti gba ọ̀nà yẹn kọjá. Má tíì san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Mo fẹ́ bi ọ́ léèrè: ṣé màmá ní ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn tó jẹ wọ́n lówó sí? Ìwé yẹn gan-an ni kí o mú. Gbogbo ẹni tó wà nínú rẹ̀ ló ti ró aṣọ màmá, tó sì mọ̀ pé aró wọn kì í tètè ṣá. Àwọn 212 tó wà lórí Instagram yẹn kò mọ̀ yín rí. Ẹni tó mọ̀ yín ni kí ẹ kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀, WhatsApp ni ẹ ó sì ti bá a.

Gbé WhatsApp Business sórí fóònù màmá. Ọ̀fẹ́ ni, láti 2018 ló ti wà. Ó ní ibi tí wàá to aṣọ sí pẹ̀lú àwòrán, iye àti àlàyé, catalog ni wọ́n ń pè é. Ó ní ìkíni tó ń dá ara rẹ̀ lọ bá ẹni tó bá kọ̀wé nígbà tí ẹ bá ń sùn. Ó tún ní àmì tí o lè fi sára orúkọ oníbàárà kọ̀ọ̀kan, kí o lè mọ ẹni tó ti sanwó yàtọ̀ sí ẹni tó ṣì ń ronú.

Broadcast wà níbẹ̀ pẹ̀lú. O lè kó èèyàn 256 sínú ọ̀kan, ọ̀rọ̀ rẹ á sì dé ọ̀dọ̀ oníkálukú bí ẹni pé òun nìkan lo kọ ọ́ sí. Àmọ́ ẹni tí kò bá fi nọ́ńbà yín pamọ́ sórí fóònù rẹ̀ kò ní rí i. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pàdánù. Tí ẹnikẹ́ni bá ra òfì lọ́wọ́ mi, mo máa ń sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi nọ́ńbà mi pamọ́, ẹ kọ Ìyá Olófì sí i." Mo sì máa ń dúró tì wọ́n títí wọ́n á fi tẹ̀ ẹ́ tán.

Ní ti status, mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó lóòjọ́. Wákàtí 24 ló máa lò. Tí o bá gbé e pọ̀ jù, tí ìlà òkè yẹn gé wẹ́wẹ́, àwọn èèyàn á kàn fo gbogbo rẹ̀ ni. Má sì ṣe kó ẹnikẹ́ni sínú gúrúùpù láìgbàṣẹ. Ohun tó ń mú èèyàn bínú kúrò lọ́dọ̀ oníṣòwò nìyẹn.

Ayafọ́tò Ìbàdàn

Mo wo àwòrán mẹ́fà tí o fi ṣọwọ́ sí mi ní kọ̀rọ̀. Aṣọ yẹn dára gan-an, àwòrán rẹ ni kò jẹ́ kí a rí i. Inú ìsọ̀ lo ti yà á, lábẹ́ gílóòbù pupa, torí náà aró èlú di dúdú bí èédú. O tún ká aṣọ mọ́ra, kò sẹ́ni tó lè mọ ọnà tó wà lára rẹ̀.

Gbé aṣọ síta láàárọ̀, láàárín aago méje ààbọ̀ sí mẹ́sàn-án, tàbí ní ìrọ̀lẹ́ kí oòrùn tó wọ̀. Má gbé e sínú oòrùn gangan, òjìji ara ògiri ló dára. Fi aṣọ mímọ́ nu ojú kámẹ́rà kó o tó yà á, pàápàá ìwọ tí aró máa ń wà lọ́wọ́ rẹ. Tẹ́ gbogbo aṣọ sórí okùn kí ọnà rẹ̀ hàn látòkè délẹ̀, ya ìyẹn. Sún mọ́ ọn, ya ibi tí ìyẹ́ adìẹ ti fa ìlà ẹ̀kọ. Yí ẹ̀yìn aṣọ padà, ya ìyẹn náà. Lẹ́yìn náà kí ẹnì kan ró o tàbí kó gbé e lé èjìká, ká lè mọ bí ó ṣe máa rí lára. Má fi filter kankan sí i. Tí filter bá yí aró padà, ìwọ àti oníbàárà lẹ máa jọ jà nígbà tí aṣọ bá dé ọwọ́ rẹ̀.

Ní báyìí, fídíò. Ọ̀rọ̀ yìí ló jẹ mí lọ́kàn jù. Mo ti dúró ti aláró rí ní Òṣogbo nígbà tó ń fa aṣọ jáde nínú ìkòkò. Kì í kọ́kọ́ dúdú. Á jáde bí ewé tútù, ó pọ́n díẹ̀ bí ìyeyè, bí atẹ́gùn bá sì ti ń fẹ́ sí i, lójú rẹ báyìí ló máa ń yí padà di àwọ̀ aró, láti etí wá sí àárín. Ọmọ Aláró, ojoojúmọ́ lò ń rí ìyẹn, ó ti sú ọ. Ẹni tó wà ní Àbújá tàbí ní Port Harcourt kò rí i rí láyé rẹ̀! Gbé fóònù dúró lóòró, ya á fún ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá, má sọ̀rọ̀ sí i, jẹ́ ká gbọ́ bí omi ṣe ń kán. Bákan náà ni ìgbà tí wọ́n bá ń tú iko, tí funfun ń yọ lábẹ́ ibi tí wọ́n so. Fídíò kan yẹn, o lè gbé e sí status, sí Reels lórí Instagram, sí TikTok àti Facebook. Iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀kan, ojúkò mẹ́rin.

Kí o sì máa pe orúkọ ọnà. Má kàn kọ "àdìrẹ tó rẹwà". Kọ ọ́ pé Ìbàdàndùn ni, òpó gbọ̀ngàn Mápó tí wọ́n ṣí lọ́dún 1929 ló wà lára rẹ̀. Tàbí Olókun ni. Ẹni tó bá mọ orúkọ aṣọ á lè béèrè rẹ̀ padà.

Ọmọ Aláró Ìtòkú

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin àgbà. Mo ti ka ìwé gbèsè màmá. Orúkọ 87 ló wà níbẹ̀, 61 ní nọ́ńbà fóònù. Màmá ní ṣé kí a máa lọ dààmú ẹni tó jẹ gbèsè ni? Mo ní a ò ní mẹ́nu kan gbèsè rárá, a kàn fẹ́ kí wọn ni.

Ìbéèrè mi tó kù: ṣé ká máa kọ iye aṣọ síbẹ̀ ni, àbí kí wọ́n wá béèrè ní kọ̀rọ̀?

Ìyá Gaàrí Ìjẹ̀bú

Kọ iye rẹ̀ sí i o! Nígbà tí mi ò kọ iye, ogójì èèyàn á béèrè "èló ni?" lọ́jọ́ kan, n óò dáhùn títí ọwọ́ á fi ro mí, márùn-ún á rà. Ìgbà tí mo kọ iye gaàrí, láti kílò kan dé àpò, àwọn tó ń béèrè dín kù, àwọn tó ń rà pọ̀ sí i. Ẹni tí apá rẹ̀ kò ká a ti lọ láìsọ̀rọ̀. Ẹni tó kọ̀wé sí mi báyìí, àdírẹ́ẹ̀sì ló ń fi ránṣẹ́.

Aláṣọ Gbàgì

Èmi kò fara mọ́ ọn pátápátá, ẹ jọ̀ọ́ Màmá. Ní ọjà tiwa, tí mo bá kọ ₦18,000, kó tó di alẹ́ ẹni tó wà ní ìsọ̀ kejì ti kọ ₦17,500. Aṣọ kan náà ni gbogbo wa lọ kó. Mo máa ń kọ "láti ₦15,000 lọ sókè", tí ẹni náà bá wá, a jọ sọ ọ́.

Ìyá Gaàrí Ìjẹ̀bú

Ìyẹn dáa fún ẹ̀yin tó ń ta aṣọ tí gbogbo ọjà ń tà. Ọmọ yìí, màmá rẹ̀ ló fọwọ́ ara wọn ṣe tiwọn. Kò sí ẹni tó lè lọ kó irú rẹ̀ ní ọjà Balógun l'Ékòó. Kí ó kọ iye, kó sì kọ ìdí tó fi jẹ́ iye yẹn, ọjọ́ mélòó ni wọ́n fi so ó, ìgbà mélòó ni wọ́n rì í bọ inú aró.

Oníṣirò Ọjà

Jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ₦15,000 tó bá omi lọ yẹn, torí mo mọ̀ pé ó dùn ọ́. Bọ́tìnì Boost lo tẹ̀, àbí? Tí a bá tẹ Boost láì yí nǹkan kan padà, ohun tí Facebook máa ń wá fún ọ sábà máa ń jẹ́ àwọn tó fẹ́ràn láti máa tẹ like. Wọ́n rí wọn, wọ́n kó wọn wá. Wọn kò rẹ́ ọ jẹ, o kò sọ fún wọn pé olówó lò ń wá ni.

Lọ sí Ads Manager, ibi tí wọ́n ti ń ṣètò ìpolówó Facebook. Wọ́n á bi ọ́ pé kí lo fẹ́. Yan kí àwọn èèyàn kọ̀wé sí ọ lórí WhatsApp. Lẹ́yìn náà yan ìlú. Èwo ni gbogbo Nàìjíríà? Yan Èkó, Abẹ́òkúta, Ìbàdàn, Àbújá. Yan ọjọ́ orí, yan àwọn tó fẹ́ràn aṣọ rírán àti oge. Ẹni tó bá mọ iyì wúrà là á tà á fún, ibi tí o ti máa yàn án nìyẹn. Fi fídíò ìkòkò aró ṣe ọ̀kan, fi àwòrán aṣọ tó wà lára èèyàn ṣe ìkejì, ₦1,000 lóòjọ́ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ mẹ́rin. Èyí tó bá mú èèyàn wá jù, òun ni kí o fi owó tó kù sí. Pa ìkejì.

Wá ṣírò rẹ̀ báyìí. Láti oṣù kìíní 2022 ni Meta, tó ni Facebook àti Instagram, ti ń fi VAT (owó orí ọjà) ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó ìpolówó ní Nàìjíríà. ₦15,000 yẹn di ₦16,125. Ká ní èèyàn 43 kọ̀wé sí ọ, ẹnì kọ̀ọ̀kan ná ọ ní ₦375. Ká ní márùn-ún nínú wọn ra aṣọ, oníbàárà kan ná ọ ní ₦3,225. O ní èrè aṣọ kan jẹ́ ₦4,000. ₦775 ló kù sí ọ lọ́wọ́ lórí aṣọ kan, kí a tó sọ ti dátà. Ìyẹn túmọ̀ sí pé bí oníbàárà náà kò bá padà wá, agbára káká ni ìpolówó yẹn fi lérè. Bí ó bá padà wá lẹ́ẹ̀kejì, o kò tún san owó kankan láti rí i, gbogbo ₦4,000 ni tìrẹ. Ohun tí Ìyá Olófì sọ nípa fífi nọ́ńbà pamọ́ nìyẹn. Kọ iye tó wọlé àti iye tó jáde sínú ìwé lálaalẹ́. Má ka like.

Ọmọ Aláró Ìtòkú

Ẹ̀gbọ́n, gbogbo Nàìjíríà ni mo yàn lóòótọ́. Mo rò pé bí ó bá ṣe fẹ̀ tó ni yóò ṣe dára tó.

Bọ̀dá Kọ̀ǹpútà

Kí ọmọkùnrin ₦60,000 yẹn tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ gbọ́ tèmi. Ìyàwó mi ń ṣe kéèkì. A gba ẹnì kan láti máa bójú tó ojú ìwé rẹ̀. Ímeèlì tirẹ̀ àti nọ́ńbà tirẹ̀ ló fi ṣí i. Lẹ́yìn ọdún kan àtààbọ̀ tí ọ̀rọ̀ owó dà wá pọ̀, ó yí páásíwọ́ọ̀dù padà. Èèyàn tó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú gbogbo àwòrán kéèkì ìyàwó. Ìyàwó mi sunkún ní ọjọ́ yẹn bí ẹni tí ìsọ̀ rẹ̀ jóná. A kò rí i gbà padà títí dòní.

Nítorí náà, ímeèlì màmá àti nọ́ńbà màmá ni kí o fi ṣí ohun gbogbo. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ràn yín lọ́wọ́, Facebook ní ibi tí o ti lè fún un láàyè láti máa gbé nǹkan síbẹ̀ láì mọ páásíwọ́ọ̀dù yín. Ọjọ́ tí ẹ bá pínyà, ẹ yọ orúkọ rẹ̀, ó parí.

Ṣí two-step verification, ààbò kejì tó máa ń béèrè nọ́ńbà àṣírí, lórí WhatsApp àti Instagram lónìí, kó tó di ọ̀la. Tí ẹnikẹ́ni bá pè pé nọ́ńbà mẹ́fà kan ṣèèṣì wọ orí fóònù yín, kí ẹ ka á fún òun, ì báà jẹ́ pé ohùn ẹni tí ẹ mọ̀ ni, ẹ má kà á. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà jí WhatsApp gbé nìyẹn, wọ́n á sì fi orúkọ màmá máa yá owó lọ́wọ́ àwọn oníbàárà.

Alẹ́ẹ̀tì irọ́ ńkọ́? Ẹ má ṣe gbé aṣọ fún ọlọ́kadà nítorí àwòrán rìsíìtì tí oníbàárà fi ránṣẹ́. Ẹ ṣí àpamọ́ owó yín, ẹ wo iye tó wà níbẹ̀ fúnra yín. Kí màmá má tijú láti sọ pé, "Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀, mò ń wò ó."

Ayafọ́tò Ìbàdàn

Mo fara mọ́ èyí. Bí ẹ bá sì fẹ́ ná owó sórí ẹnì kan, ẹ gba ayafọ́tò fún ọjọ́ kan ṣoṣo, kó ya ogún aṣọ àti fídíò márùn-ún. Ẹ ó lò ó fún oṣù méjì. Ẹ tún wá télọ̀ kan tó ń rán àdìrẹ dáadáa. Ẹ fún un ní ọ̀pá márùn-ún, kó rán an, kó wọ̀ ọ́, kó dárúkọ yín lórí ojú ìwé tirẹ̀, kí ẹ̀yin náà dárúkọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í mọ̀ pé àwọn fẹ́ aṣọ àyàfi tí wọ́n bá rí i ní rírán.

Ọlọ́ṣẹ Dúdú

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín. Ọṣẹ dúdú àti òrí ni mò ń tà. Ṣé ìmọ̀ràn kan náà ni?

Oníṣirò Ọjà

Kan náà ni, àfi pé tìrẹ wà lábẹ́ NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn. Oúnjẹ, oògùn àti ohun ìpara, wọ́n gbọ́dọ̀ forúkọ ọjà náà sílẹ̀, kí wọ́n sì fọwọ́ sí ìpolówó rẹ̀ kí o tó gbé e jáde. Má sì kọ ọ́ pé ó ń wo àìsàn kankan sàn.

Ará Peckham

Ẹ kú ọjà o. Lọ́ńdọ̀nù ni mo wà, oníbàárà ni mí, n kì í ṣe oníṣòwò, torí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àwa tó ń rà ń wò.

Lọ́dún tó kọjá mo ra àdìrẹ ọ̀pá mẹ́wàá lórí Instagram fún ọjọ́ ìbí àádọ́ta ọdún ẹ̀gbọ́n mi. Nígbà tó dé, mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà, ó funfun báláú. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́. Inú mi bàjẹ́ gan-an, kì í ṣe tìtorí owó nìkan. Ìyá àgbà mi máa ń ró àdìrẹ ní Abẹ́òkúta, mo ti sọ fún àwọn ọmọ mi pé irú aṣọ ìyá àgbà ló ń bọ̀.

Nítorí náà, nígbà tí Ayafọ́tò sọ pé kí ẹ ya ẹ̀yìn aṣọ, mo pàtẹ́wọ́. Aró tí wọ́n bá fọwọ́ rẹ máa ń mu dé ẹ̀yìn. Ẹ fi hàn wá. Ẹ kọ irú aṣọ tó jẹ́, bóyá òwú gidi ni. Ẹ kọ bí a ṣe máa fọ̀ ọ́: omi tútù, ní òun nìkan, torí aró á kọ́kọ́ jáde díẹ̀. Ẹ kọ bí ó ṣe wúwo tó, ká lè mọ iye tí yóò ná wa láti kó o wá. Kí ẹ sì dáhùn. Bí ẹ kò bá ní àkókò, ẹ kọ "a ti rí i, ẹ máa gbọ́ wa lálẹ́". Ẹni tí mo kọ̀wé sí láàárọ̀ tí kò fọhùn títí di ọjọ́ kẹta, ọkàn mi ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Mo fẹ́ rí ọwọ́ màmá. Lóòótọ́ ni mo sọ bẹ́ẹ̀.

Olófì Ìsẹ́yìn

Ohun kan ṣì kù. Kí ìwé màmá má sọnù torí pé fóònù ti dé. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹwàá 2021, Facebook, Instagram àti WhatsApp dákẹ́ fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà ní gbogbo ayé. Mo ní aṣọ ìgbéyàwó tó gbọ́dọ̀ jáde lọ́jọ́ yẹn. Nọ́ńbà ìyá ìyàwó wà nínú ìwé mi, mo pè é lórí fóònù, a parí ọ̀rọ̀. Lọ́dún yẹn kan náà, láti ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹfà, ìjọba ti Twitter pa ní Nàìjíríà, ó di oṣù kìíní 2022 kí wọ́n tó ṣí i. Àwọn tó jẹ́ pé ibẹ̀ nìkan ni ìsọ̀ wọn wà jìyà. Ojú òpó yẹn, ilé onílé ni. Lálẹ́ ọjọ́ Sátidé, ẹ máa kọ orúkọ àti nọ́ńbà oníbàárà tuntun sínú ìwé.

Ọmọ Aláró Ìtòkú

Ẹ̀yin àgbà, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ti kọjá, mo ní kí n wá jíyìn.

N kò san ₦60,000. A kí àwọn 61 inú ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan, màmá fi ohùn ara wọn ránṣẹ́ sí àwọn tó jẹ́ àgbà. Mẹ́rìnlá nínú wọn ra aṣọ. Mẹ́rin san gbèsè tí a kò tilẹ̀ béèrè, màmá sì gbàdúrà fún wọn títí ilẹ̀ fi ṣú.

Màmá kò fẹ́ kí ojú wọn hàn nínú fídíò, wọ́n ní àwọn kò múra. Torí náà ọwọ́ nìkan ni mo yà, ọwọ́ tí aró ti wọ èékánná, tó ń fa aṣọ jáde nínú ìkòkò. Mo kọ orúkọ Ìbàdàndùn sí i, mo kọ iye, mo kọ bí a ṣe ń fọ̀ ọ́. Mo fi ₦1,000 lóòjọ́ polówó rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin, Èkó àti Ìbàdàn nìkan. Èèyàn 19 kọ̀wé, mẹ́ta rà. Ọ̀kan nínú wọn, ìyá kan ní Ìbàdàn, tún padà wá pé òun fẹ́ mẹ́fà sí i fún ẹgbẹ́ wọn. Ọjọ́ mẹ́fà ni màmá ní kí wọ́n fún àwọn, nítorí wọn ò lè kánjú ẹ̀kọ.

Ará Peckham, màmá ní kí n kí yín, wọ́n ní ìyá àgbà yín á ti ra aṣọ ní Ìtòkú rí. Wọ́n ń béèrè ọnà tó máa ń wà lára aṣọ wọn. Bí ẹ bá rántí, ẹ kọ ọ́ síbí. Ọjọ́ Ajé ni a óò ri aṣọ mẹ́fà yẹn bọ inú aró, bí òjò kò bá rọ̀.